Arẹwà tó ní ẹbí: Alfa GT tòkunbọ̀ fún ìrìn ojoojúmọ́ ní Òṣogbo

Kí ẹ tó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tó jókòó sórí àga aláwọ, ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ Alfa GT, mọ́tò onílẹ̀kùn méjì tí Alfa Romeo ti Ítálì ṣe. Àwọn ará Ítálì kì í jẹ́ kí mọ́tò eré sísá ga nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ bọ́ǹpù tí àwọn ará àdúgbò fi sìmẹ́ńtì mọ síwájú ilé wọn ní Òṣogbo kò ní òdiwọ̀n. Òmíràn ga bí ebè iṣu. Ohun tó kọ́kọ́ ń forí gbá a kì í ṣe bọ́ńpà iwájú. Ọpọ́n ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ni. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi dà á, kì í tẹ̀ bí irin. Ṣe ló máa ń là. Bó bá là, tí awakọ̀ kò tètè rí iná ọ́ìlì pupa lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ́ńjìnnì yóò gbẹ, yóò sì nọ́kù kó tó délé.

Torí náà, ọ̀nà yín ni ẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, mọ́tò ló tẹ̀lé e. Ẹ rin ọ̀nà ilé sí ibi iṣẹ́, kí ẹ ka bọ́ǹpù, kí ẹ wo ibi tí àgbàrá ti gbẹ́ títì. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí títì ọlọ́dà kò ní wàhálà púpọ̀. Ẹni tó ní láti la erùpẹ̀ pupa kọjá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà òjò, kó fi owó rẹ̀ ra mọ́tò mìíràn. Àwọn kan á ní kí wọ́n ki rọ́bà bọ sípíríǹgì láti gbé e ga. Yóò ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n igun tí apá táyà fi ń ṣiṣẹ́ yóò yí padà, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì yóò tètè jẹ, ìdúró tí ẹ torí rẹ̀ rà á náà yóò sì bàjẹ́. Ohun tó tọ́ ni páànù abẹ́: kí wẹ́dà gé páálí irin mílímítà 3, kó lu ihò sí ibi tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì sílẹ̀, kó tún lu àwọn ihò tí afẹ́fẹ́ yóò máa gbà, kó sì fi bóòtù dè é mọ́ férémù. Kò gbọdọ̀ kan ọpọ́n ọ́ìlì fúnra rẹ̀. Bí páànù bá fara ti ọpọ́n, gbogbo ohun tó bá gbá páànù ti gbá ọpọ́n náà.

Ẹ ó bi mí pé kí ló wá dé tí èèyàn fi ní láti ṣe tó báyìí nítorí mọ́tò, nígbà tí Corolla kún ilẹ̀. Ìbéèrè tó dáa ni. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òṣogbo sì ni ìlú aró. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju ará ibòmíràn lọ. Adìrẹ tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, tí wọ́n rẹ sínú aró gidi, kì í ṣe aṣọ tí à ń kó pọ̀ mọ́ ti ọmọ iléèwé fọ̀. Ẹni tó rà á mọ̀ pé òun ra ìtọ́jú mọ́ aṣọ. Ohun tí mo ń sọ nípa mọ́tò yìí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: owó tí ẹ ó san fún ẹni tó ń tà á kéré, ìtọ́jú ló ń gba owó, àwọn ẹ̀yà kan sì wà tí ìtọ́jú wọn kò ṣeé ṣe níhìn-ín rárá. Iṣẹ́ olùrà ni kó yan èyí tó ní ẹbí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹbí. Mẹ́rin ni mo ń wò nínú mọ́tò Ítálì onílẹ̀kùn méjì tí owó wọn kò pani. Fiat Coupé, tí wọ́n ṣe láti 1993 dé 2000, rẹwà lọ́nà tirẹ̀, ilé Pininfarina ló ń tò ó. Ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo ayé ń fẹ́, oníṣílíńdà márùn-ún onítúbò, ń fẹ́ kí wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kí wọ́n tó lè pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìn rẹ̀ dáadáa, ìyẹn bẹ́líìtì tó ń mú kí fáàfù àti píísítìn bá àkókò ara wọn mu. Kò sí ọmọ àná lára wọn mọ́. Alfa GTV ti 1995 lọ sókè ní àga ẹ̀yìn tí ọmọ ọdún mẹ́fà pàápàá yóò máa ráhùn lórí rẹ̀. Brera, tí wọ́n ṣe láti 2005 sí 2010, wúwo, ṣéènì táímìn ẹ́ńjìnnì lítà 2.2 àti 3.2 rẹ̀ sì máa ń fà gùn. Bó bá ti fà, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń tú. Ó wá ku Alfa GT.

Ilé Bertone ló ya GT, wọ́n gbé e jáde ní Geneva ní 2003, wọ́n sì ń tò ó ní Pomigliano d'Arco lẹ́bàá Naples títí di 2010. Abẹ́ rẹ̀, abẹ́ Alfa 156 ni. Dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, ti Alfa 147 ló pọ̀ jù níbẹ̀. Apá táyà iwájú, bírékì, jíà, rédíétọ̀, sẹ́ńsọ̀: mọ́lẹ́bí ni gbogbo wọn. Ẹni tó ń kó ẹrù Belgium wọlé kò ní mọ GT, kó tiẹ̀ má tíì rí i rí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó bá yín yọ apá òkè iwájú lára 147 tó wà nínú kọ̀ńténà, yóò mú un bọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá dé Àgọ́dì Gate ní Ìbàdàn tàbí Ládípọ̀ l'Ékòó, ẹ má béèrè GT. Ẹ béèrè 147 àti 156. Gíláàsì, ìlẹ̀kùn, iná ẹ̀yìn àti bọ́ńpà ni kò ní ẹbí. Bertone ya àwọn yẹn fún GT nìkan. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò bí ẹni yẹ ẹyin wò, torí gíláàsì ẹ̀yìn tó bá fọ́ lè dá mọ́tò dúró fún oṣù mẹ́ta.

Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló wà nínú GT, níbí sì ni ọ̀pọ̀ olùrà ti ń ṣìnà, torí agbára ni wọ́n ń wò.

V6 3.2, oníṣílíńdà mẹ́fà, agbára ẹṣin 240. Ẹ́ńjìnnì yìí ni wọ́n ń fi orúkọ ẹni tó ṣe é pè, Giuseppe Busso. Ní ìparí 2005 ni wọ́n dẹ́kun ṣíṣe é. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó kọrin bíi tirẹ̀. Àmọ́ ṣé orin la ó máa fi epo gbọ́ lójoojúmọ́ láti Ayétòrò dé Ọláìyá? Ó wúwo níwájú, ó ń jẹ táyà àti bọ́ọ̀ṣì, dífíréńṣíà rẹ̀ sì ti fọ́ sínú jíà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ní mọ́tò kejì.

2.0 JTS, ẹṣin 165. Tààrà sínú ṣílíńdà ló ń tú epo, epo kì í fọ ẹ̀yìn fáàfù rẹ̀ bíi ti ẹ́ńjìnnì àtijọ́, nítorí náà èédú máa ń dì mọ́ fáàfù títí agbára yóò fi lọ. Ìfúnpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 11.3 sí 1, epo ọ̀kítéènì 95 ni wọ́n sì fọkàn sí nígbà tí wọ́n ṣe é (ọ̀kítéènì ni òdiwọ̀n bí epo ṣe ń fara da ìfúnpọ̀ kó má baà gbiná ṣáájú àkókò). Ẹni tó bá mọ irú epo tí à ń rà nílé epo wa kò ní í béèrè ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọjá lára rẹ̀.

1.9 JTD, èyí tó ń lo dísù, ẹṣin 150. Ẹ́ńjìnnì tó lágbára ni, ó ní ẹbí títí dé inú Opel. Dísù oníyẹ̀pẹ̀ àti omi ni yóò bá a jà: ínjẹ́tọ̀ rẹ̀ kì í gba ìdọ̀tí, ẹni tó lè dán an wò lórí ẹ̀rọ kò sì pọ̀. Bí ẹ bá ní ẹnìkan tó mọ ọ́n dájú, ẹ lè rà á.

1.8 Twin Spark, ẹṣin 140, ni mo ń tọ́ka sí. Kì í sáré bí ìrísí rẹ̀ ṣe ń lérí. Àwọn ọmọ Camry V6 yóò fi í sílẹ̀ lójú títì Gbọ̀ngán, kò sì yẹ kó dùn yín. Mọ́tò ìrìn ojoojúmọ́ ni. Epo ń bọ́ sínú rẹ̀ lọ́nà àtijọ́, táyà ínṣì 16 ló sábà máa ń wọ̀, ọ̀pá ìdúróṣinṣin inú ẹ́ńjìnnì 2.0, èyí tó ń dín gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì kù, kò sí nínú rẹ̀, ìyẹn ni pé bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló wà nídìí táímìn dípò méjì.

Bẹ́líìtì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní kìlómítà 120,000. Ọ̀pọ̀ já kí ó tó pé bẹ́ẹ̀, wọ́n sì wá ń sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní 60,000, tàbí lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Bó bá já, fáàfù yóò kọlu píísítìn, ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn. Mọ́tò tòkunbọ̀ tí kò ní ìwé tó fi ọjọ́ àti kìlómítà ìpààrọ̀ hàn, ẹ kà á sí èyí tí wọn ò pààrọ̀ rẹ̀ rí. Ẹ má wà á lọ sí Iléṣà lọ ṣe ìdánwò. Ẹ fi tírọ́ọ̀kì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa ṣe é.

Ohun tí ẹ ó rà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nìyí: bẹ́líìtì táímìn, tẹ́ńṣọ́nà rẹ̀, pọ́ǹpù omi, bẹ́líìtì ìta tó ń yí àlítánétọ̀ àti ẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú tẹ́ńṣọ́nà tirẹ̀, àti fáríétọ̀. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo bẹ́líìtì ìta. Bó bá fàya, ìrépé rẹ̀ máa ń wọ abẹ́ ìdérí lọ lọ́ mọ́ bẹ́líìtì táímìn, yóò sì fà á já. Fáríétọ̀ ni ìlù kékeré orí ọ̀pá káàmù tó ń sún àkókò fáàfù síwájú. Bó bá ti gbó, mọ́tò náà yóò máa ró bí ẹ́ńjìnnì dísù fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láàárọ̀, lẹ́yìn náà yóò dákẹ́. Kò burú kó máa ró bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò bọ́gbọ́n mu láti tú gbogbo ibẹ̀ kí ẹ tún dá èyí tó ti gbó padà sí i.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì kí ẹ tó fún un ní iṣẹ́: ṣé ó ní irin tí wọ́n fi ń de ọ̀pá káàmù, àti aago tí wọ́n ń tì bọ ihò pọ́lọ́ọ̀gì láti mọ ìgbà tí píísítìn dé òkè pátápátá? Bó bá ní òun yóò fi pẹ́ńtì funfun máàkì ara bẹ́líìtì àtijọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọgbọ́n yẹn ń ṣiṣẹ́ lára mọ́tò Jàpáàn tó ní àmì lára. Eyín kan ṣoṣo tó bá yẹ̀ lára Twin Spark, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, epo á máa run, wọ́n á sì máa pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ kiri. Àpótí irin ìdè náà kò wọ́n ju ohun tí àwọn mẹ́ta tó ní irú mọ́tò yìí lè dá owó jọ rà, kó wà lọ́wọ́ wọn. Mẹkáníìkì yín lè ṣiṣẹ́, kó sì dá a padà fún yín.

Pọ́lọ́ọ̀gì méjì ni ṣílíńdà kọ̀ọ̀kan ní, òun ni orúkọ Twin Spark ń sọ. Mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀, ìwọ̀n wọn kò sì dọ́gba: ńlá mẹ́rin, NGK PFR6B, àti kékeré mẹ́rin, PMR7A. Ẹni tó bá pààrọ̀ mẹ́rin péré tó gba owó odidi, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

Nípa ooru, Òṣogbo kì í ṣe Milan. Fáànù rédíétọ̀ ní eré méjì, rẹsísítọ̀ kékeré kan ló ń fún un ní eré àkọ́kọ́. Ó máa ń jó. Bó bá jó, fáànù kò ní yí títí ooru yóò fi dé ibi eré kejì, gọ̀ìgọ̀ì sì ni gósílóò Òkè-Fíà láàárín ọ̀sán. Nígbà tí ẹ bá lọ wò ó, ẹ tan mọ́tò, ẹ tan ẹ́ẹ̀sì, ẹ jẹ́ kó dúró fún ogún ìṣẹ́jú. Ọwọ́ ooru gbọ́dọ̀ dúró nítòsí 90, kí fáànù máa wọlé kó máa jáde wẹ́rẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ pé fáànù ń pariwo láìdúró, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé rìwáyà kan ti so ó mọ́ bátìrì tààrà. Bí ọwọ́ náà kò bá kúrò ní 50 tàbí 60 lórí ìrìn, wọ́n ti yọ tẹ́mósíta dànù, ìyẹn fáàfù tó ń mú ooru ẹ́ńjìnnì dúró lójú kan. Àṣà burúkú ni: mọ́tò gbóná, wọ́n yọ tẹ́mósíta. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì yóò gbà pé òtútù ṣì ń mú un, yóò sì máa da epo púpọ̀ sí i lálẹ́ lọ́sàn-án. Omi pupa tó jẹ́ ti rédíétọ̀ ni kí ẹ lò, ìdajì pẹ̀lú omi tí kò ní iyọ̀. Omi kànga máa ń jẹ́ kí ìpẹ́ dì sínú ihò tóóró rédíétọ̀.

Ìdánwò òwúrọ̀ kò ṣeé fọwọ́ rọ́. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan án kí ẹ tó dé, kí ẹ sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti tan án láti fi ohun kan pamọ́. Ariwo fáríétọ̀ lókè kò burú, mo ti sọ ọ́. Ariwo kíkan láti ìsàlẹ̀ tó ń yára bí ẹ bá ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, bíárìn ni, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì jáde. Twin Spark máa ń jẹ ọ́ìlì, àìbojúwò rẹ̀ sì ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wà á gba orí bọ́ǹpù kékeré pẹ̀lú gíláàsì ní sísọ̀kalẹ̀. Bó bá dún fíínfín bí ìlẹ̀kùn tí kò ní epo, apá òkè iwájú ni. Omi máa ń wọ inú bọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀. Ìró kọ́kọ́kọ́ jẹ́ ti línkì kékeré tó wọ́pọ̀ tí kò wọ́n. Jíà kejì ni kí ẹ fọkàn sí nígbà tí ẹ bá ń yára já a. Bó bá ha, síńkúrò rẹ̀, òrùka tó ń mú kí jíà wọlé jẹ́ẹ́, ti ń lọ. Àwọn olùtajà kan á sọ fún yín pé otomátíìkì ni. Ẹ wo ẹsẹ̀: bí kò bá sí kílọ́ọ̀ṣì, Selespeed ni, ìyẹn jíà ọlọ́wọ́ lásán tí pọ́ǹpù ọ́ìlì ń bá a fọwọ́ já, ara JTS ló sì máa ń wà. Ẹ ṣí ìlẹ̀kùn awakọ̀, ẹ ó gbọ́ tí pọ́ǹpù náà ń kùn lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ń kùn ní gbogbo ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní títàn, gáàsì inú àkùmúlétọ̀ rẹ̀, ìgò kékeré tó ń tọ́jú agbára ọ́ìlì náà, ti tán. Mi ò ní rà á kódà bó bá ń ṣiṣẹ́.

Ní ti ìwé, ẹ má ná owó sórí ìwádìí ìtàn mọ́tò tí wọ́n ń ṣe láti Amẹ́ríkà. Alfa Romeo kúrò ní ọjà Amẹ́ríkà ní 1995, GT kò sì débẹ̀ rárá, kò sí àkọsílẹ̀ kankan tí ẹ ó bá. Nọ́ńbà ṣaṣí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ZAR937. Bí wọ́n bá ní Bẹ́ljíọ̀mù ló ti wá, ẹ béèrè Car-Pass, ìwé tó ń fi kìlómítà hàn láti ọdún dé ọdún. Èyí tó ti Jámánì wá yẹ kó ní ìwé àyẹ̀wò TÜV. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ ó sì pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n ọ̀tún ni ọwọ́ ìdarí rẹ̀ wà; láti 2 Oṣù Kẹrin 1972 ni a ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún títì, ẹ jẹ́ kó dúró sọ́hùn-ún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017 ni kọ́sítọ́ọ̀mù ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnu ibodè orí ilẹ̀ wọlé, torí náà èyí tó bá gba Kọ̀tọ́nù wọlé láìní ìwé, ẹ̀yin ni wọn yóò bá lójú títì. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ méjì, àti káàdì kékeré tí nọ́ńbà kóòdù wà lára rẹ̀. Bí káàdì kò bá sí, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó, torí kíkọ́ kọ́kọ́rọ́ tuntun fún kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ tó ń gé kọ́kọ́rọ́ lẹ́bàá Ọjà-Ọba.

Iná éábáàgì tó bá ń tàn lè má jẹ́ nǹkan kan ju ìsopọ̀ wáyà abẹ́ àga lọ, èyí tó máa ń tú bí wọ́n bá ń sún àga síwá sẹ́yìn. Skánà lásán kò ní kà á. MultiEcuScan, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe fún irú mọ́tò yìí, lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, pẹ̀lú wáyà tirẹ̀, yóò kà á. Ẹ rà á fúnra yín, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni.

Owó ńkọ́? Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ fi ìdámẹ́ta iye tí ẹ bá rà á pamọ́ fún ọdún àkọ́kọ́. Ẹni tó ná gbogbo owó rẹ̀ tán lórí ríra, bẹ́líìtì ló kù tí kò ní lè rà.

Táyà 205/55 R16 wà lọ́dọ̀ gbogbo fọ́gánáísà, ìdí kan rèé tí mo fi fẹ́ ínṣì 16 ju 17 àti 18 lọ; ara táyà tó ga díẹ̀ ló ń gba kòtò mọ́ra. Ríìmù ni ìṣòro. Ihò bóòtù márùn-ún ló ní, òbìrípo tí wọ́n tò lé lórí fẹ̀ ní mílímítà 98, bẹ́ẹ̀ 100 àti 114.3 ló kún ọjà wa. Èyí tó jẹ́ 100 yóò jọ pé ó wọlé; wọ́n á fi agbára dì í, bóòtù yóò dúró ní wíwọ́, yóò sì máa tú lórí ìrìn. Ẹ ra ríìmù 147 tàbí 156 kan sílẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, pẹ̀lú bóòtù M12 × 1.25 márùn-ún, kí ẹ gbé odidi táyà wọ̀ ọ́. Búùtù rẹ̀ tó lítà 320, àyè wà fún un, pẹ̀lú ọ́ìlì lítà kan àti rẹsísítọ̀ fáànù nínú ọ̀rá. Èyí tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, bó bá tiẹ̀ wà níbẹ̀, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni tàbí ìgò atẹ́gùn pẹ̀lú oje tó ń dí ihò. Wọ́n lè gbé yín dé ọ̀dọ̀ fọ́gánáísà ní Ọláìyá, wọn ò lè gbé yín dé Ìbàdàn.